Ọkọ̀ Tí Bàbá Fi Sílẹ̀: Kí Ni A Jogún?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan yìí kan gbogbo ilé. Nígbà tí àgbà bá sùn, tí a sin ín tán, tí àwọn àlejò lọ tán, ohun tó bá kù nílẹ̀ di ogún. Ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ẹni. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ máa ń bi ara wọn ni pé, "Ta ló ni ín?" Ìbéèrè yẹn dára, àṣà àti òfin sì ní ìdáhùn sí i. Ṣùgbọ́n a ti wá rí i pé òun kọ́ ni ìbéèrè tó le jù.

Èyí tó le jù nìyí: bí a bá jogún ohun kan, ǹjẹ́ a jogún iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe fún àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú? Bí a bá sì jogún iṣẹ́ náà, ṣé bí olóògbé ti ń ṣe é gẹ́lẹ́ ni àwa náà gbọ́dọ̀ máa ṣe é? Ọkọ̀ ògbólógbòó kan ló gbé ìbéèrè yìí wọ ilé wa.

ỌKỌ̀ NÁÀ ÀTI IṢẸ́ TÓ ṢE

Àwọn tó ti dàgbà nínú yín yóò rántí bí Peugeot 504 ti gbayì tó nílẹ̀ wa. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀, kò sì pẹ́ tí 504 fi di ọkọ̀ olùkọ́, ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba, àti ọkọ̀ akérò láti ìlú dé ìlú. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò fẹ́ràn, nítorí ó lè gbé ẹrù tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, mẹkáníìkì abúlé sì lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi kí ó sì tò ó padà.

Bàbá wa ra tirẹ̀ ní àlòkù ní 1986. Ní Eko Ende, níbi tí ìjọba ti sé odò Ọ̀tìn láti fi pèsè omi fún àwọn ìlú àyíká, ọkọ̀ kì í ṣe ohun yẹ̀yẹ́. Òótọ́ ni pé kí ọdún 1910 tó pé, ojú irin ti gba Òṣogbo àti Ìkìrun kọjá lọ sí Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í yà sí oko ẹnikẹ́ni. Orí ni àwọn ìyá wa fi ń ru iṣu, gàrí àti epo pupa dé ọjà. Nígbà tí píkọ́ọ̀pù bàbá dé, ọrùn ọ̀pọ̀ obìnrin sinmi. Lọ́jọ́ ọjà, ẹrù ni ó ń kó, àwọn ẹlẹ́rù á sì jókòó lé ẹrù wọn lórí. Lóru, bí ìrọbí bá mú aboyún tí ọ̀rọ̀ náà sì le, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ń wá kàn, bàbá á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkìrun tàbí Òṣogbo. Kì í gba owó lọ́wọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá kú sí ìdálẹ̀, ọkọ̀ yẹn náà ló ń gbé òkú rẹ̀ wálé.

Bàbá sùn ní 2008. Ọkọ̀ náà dúró lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé fún ọdún 12. Adìyẹ ń yé sínú rẹ̀, eku jẹ wáyà rẹ̀, ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ibi ìjókòó dógùn-ún títí ojú fi ń rí koríko.

TA LÓ NI ÍN?

Ìyá méjì ló wà nílé wa. Ìyálé bí mẹ́rin, ìyàwó bí mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó ń gbé ní Lagos sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ jẹ́ ti ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àṣà Yorùbá, ó sì yẹ kí gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ wa mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin ti ní in. Ọ̀nà méjì ni a sì ń gbà pín in: ìdí-igi, níbi tí ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìpín kan náà, iye ọmọ yòówù kí ìyá kọ̀ọ̀kan bí, àti orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, lórí ogún ọkùnrin kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, lọ títí dé Privy Council ní London, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà. Ní 1962 wọ́n dá a pé ìdí-igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. A lè fi okùn wọn ilẹ̀, a lè pín yàrá. Báwo ni a ṣe fẹ́ pín píkọ́ọ̀pù kan sí ìdí méjì? Ṣé ìdí kan yóò gba ẹ́ńjìnnì, kí èkejì gba táyà? Ohun tí a kò lè pín, ó di dandan kí a jọ lò ó tàbí kí a jọ tà á.

ṢÉ KÍ A TÀ Á, ÀBÍ KÍ A TÚN UN ṢE?

Àwọn tó ń ra àkúfọ́ irin ti wá díye lé e. Àwọn kan nínú wa ní kí a gba owó náà. Wọ́n ní owó tí a ó fi jí òkú ọkọ̀ dìde yóò pọ̀ ju iye tí ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ tó lọ, àti pé a kì í torí ìfẹ́ bàbá gbé irin jíjẹrà gẹṣin. Àwọn mìíràn mú Nábótì wá, ẹni tó kọ̀ láti ta ogún àwọn baba rẹ̀ fún Áhábù ọba. Wọ́n tún pa á lówe pé bí a bá ta ará ilé ẹni ní ọ̀pọ̀, a kì í rí i rà ní ọ̀wọ́n mọ́.

A gbọ́ tọ̀tún, a gbọ́ tòsì. Àmọ́ ọgbà àjàrà tí ó ń tọ́jú ni Nábótì kò fẹ́ tà. Ẹni tó jẹ́ kí ogún baba rẹ̀ di ibùsùn adìyẹ fún ọdún 12 kò tíì lè máa pe ara rẹ̀ ní Nábótì. Fífi nǹkan pamọ́ nìkan kì í ṣe ọ̀wọ̀. Títa nǹkan pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ohun tí kò lè ṣoore fún ẹnikẹ́ni mọ́ lè di oúnjẹ lọ́wọ́ opó.

Ìyá wa àgbà ló tún ọ̀rọ̀ náà tò. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa sọ̀rọ̀ tán, wọ́n wá ní, "Bí ẹ bá tún un ṣe, ta ni yóò máa gbé?" Ilé dákẹ́. Ìbéèrè yẹn kò béèrè ẹni tó ni ọkọ̀. Kò béèrè iye tó tó. Ẹni tí yóò wà nínú rẹ̀ ló ń béèrè. Níbẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn: yóò máa kó ẹrù àwọn obìnrin Eko Ende lọ sí ọjà Ìkìrun, yóò máa gbé àwọn ìyá méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn, owó tó bá sì mú wá, òògùn ìfúnpá àwọn ìyá ni yóò kọ́kọ́ lọ fún. Nígbà tí a mọ ẹni tí yóò gbé, a mọ̀ pé ó yẹ kí a tún un ṣe. Ká ní a kò rí ẹnì kan dárúkọ ni, àwọn onírin ì bá ti gbé e lọ lọ́jọ́ kejì.

BÍRÉÈKÌ ṢÁÁJÚ Ọ̀DÀ

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Ẹ̀gbọ́n wa láti Lagos fi owó ránṣẹ́ pé kí a kọ́kọ́ kun ọkọ̀ náà kí ó máa dán níwájú ilé nígbà ìrántí bàbá. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwa obìnrin ní rárá. A ní ẹwà kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró ní orí òkè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ láìmọ ohun tó ń gbé ẹ̀mí wa dúró. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, ọ̀rinrin náà á mú kí irin inú bíréèkì dógùn-ún. Bí bíréèkì bá sì gbóná níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi tó wọ inú rẹ̀ á hó, ẹsẹ̀ awakọ̀ á kàn rì wọlẹ̀ lásán ni, ọkọ̀ kò ní dúró. Rọ́bà tó ń dí omi náà mọ́ pẹ̀lú máa ń gbẹ tí ó sì ń sán. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan fún ọdún 12 lè jí lójijì kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa dún kerekere, kí gbogbo ènìyàn máa jó yí i ká, síbẹ̀ kí ó má lè dúró nígbà tí ọmọdé bá sáré já sí ọ̀nà.

Táyà ńkọ́? Lára táyà, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí àwọn lẹ́tà kan. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ wa jẹ́ 1106, èyí ni pé ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2006. Ojú rẹ̀ ṣì dára, ó ṣì ní eyín. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ táyà ńláńlá fúnra wọn sọ pé bí táyà bá ti lé ní ọdún 10, kí a yọ ọ́ dànù, bó ti wù kí ó dán tó, nítorí rọ́bà ń gbó láti inú wá.

A ra ohun púpọ̀ ní àlòkù, a kò sì tijú. Ilẹ̀kùn, gíláàsì, iná iwájú, gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn lè rí ní àlòkù ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin àti ní àwọn ọjà tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n a pinnu pé bíréèkì, táyà àti ohun tó jẹ mọ́ sítíárì, tuntun ni a ó rà. Nígbà tí oníṣòwò kan fẹ́ ta bíréèkì àlòkù fún wa nínú páálí tuntun, mẹkáníìkì wa fi èékánná ha á, ó rí ojú àtijọ́ lábẹ́ ọ̀dà, a dá a padà. Nínú eré The Road tí Wọlé Ṣóyínká kọ ní 1965, ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ń ta ara ọkọ̀ tí jàǹbá ti bà jẹ́ fún àwọn tó tún fẹ́ lọ sí ojú ọ̀nà. Kì í ṣe eré lásán ni. Bí a bá fi irin tó pa ènìyàn lánàá gbé ènìyàn lónìí, kí ni a fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ olóògbé?

Iṣẹ́ náà gba oṣù 14. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn.

"BÀBÁ YÍN KÌ Í ṢE BẸ́Ẹ̀"

Nígbà tí ìwé ọkọ̀ pé, a gbé ìyá wa àgbà síwájú, a kó kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti àpò gàrí sẹ́yìn, a sì mú ọ̀nà Ìkìrun pọ̀n. A já ẹrù díẹ̀ níbẹ̀, a gba Ìníṣà kọjá, a dé Òkukù. Ibi tí a bá dúró sí, àwọn àgbà ń wo ọkọ̀, wọ́n ń wo ojú wa. Ní Òkukù, ìyá arúgbó kan gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà láti inú ilé, ó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá wa. Òkukù ni Karin Barber ti gbé kọ́ nípa oríkì tó fi kọ ìwé kan jáde ní 1991, ó sì hàn nínú ìwé náà pé ẹnu àwọn obìnrin ni oríkì ti ń yè. Oríkì pẹ̀lú jẹ́ ogún. Ẹni tó bá gbé e pamọ́ sínú, tí kò fi í ki ẹnikẹ́ni, ó ti pa á. Ẹni tó bá sì ń kì í lójoojúmọ́, ó ń fi tirẹ̀ kún un, ó ń yọ èyí tí kò bá àkókò mu. Síbẹ̀ oríkì ìdílé náà ló ṣì jẹ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìdánwò dé. Ìsìnkú kan wáyé ní Òkukù. Láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn ènìyàn bíi 15 ti dúró sẹ́nu ọ̀nà wa nínú aṣọ ẹbí, wọ́n fẹ́ gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láyé bàbá. A ní a kò lè gbé wọn sẹ́yìn, àfi ẹni méjì tí iwájú gbà pẹ̀lú awakọ̀. Inú bí wọn. Àgbà obìnrin kan wo ojú wa, ó ní, "Bàbá yín kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rọ̀ náà dun wá wọ egungun, nítorí tìtorí oore bàbá gan-an ni a fi tún ọkọ̀ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yà á sọ́tọ̀. Oore ni bàbá ń ṣe; ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ni ó rí fi ṣe é. Nígbà náà, bí kò bá gbé wọn, ẹsẹ̀ ni wọn ó fi rìn. Àwa lónìí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jókòó sẹ́yìn láìsí bẹ́líìtì nígbà tí ọkọ̀ bá gbókìtì. Ní 1977, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí ìlú wa wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ti gbé ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dìde lábẹ́ Ṣóyínká kan náà, nítorí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ àti ará ìlú ṣe ń kú lójú ọ̀nà. Ní 1988 ìjọba àpapọ̀ sọ irú iṣẹ́ náà di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Léraléra ni àjọ yìí ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe kó ènìyàn mọ́ ẹrù. Ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún kò lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà ni pé a gbé àwọn arúgbó méjì síwájú, a sì mú owó nínú àpò ọkọ̀ láti fi háyà bọ́ọ̀sì fún ìyókù. Àwọn kan wọ̀ ọ́, àwọn kan fi ìbínú padà sílé. Ẹnì kan nínú wọn kò tíì kí wa dáadáa títí di òní. A fara mọ́ ọn. Aboyún tí ìrọbí mú lóru ńkọ́? Ìyẹn kò ní ìjíròrò: iwájú ni òun àti ìyá rẹ̀ yóò jókòó, a ó sì gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́ bí bàbá ti ń ṣe.

OHUN TÍ Ọ̀RỌ̀ ỌLỌ́RUN SỌ

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan nìyí. Nínú Ẹ́kísódù 21, bí màlúù bá kan ènìyàn pa, òfin yọ̀ǹda olówó rẹ̀; ṣùgbọ́n bí a bá ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀ pé màlúù náà a máa kàn, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀bi náà di tirẹ̀. Nínú Diutarónómì 22, ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibẹ̀ já bọ́. Ẹ kíyè sí i: ilé tirẹ̀ ni, owó rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ, síbẹ̀ ó jẹ alábàápàdé ní gbèsè ààbò. John Wesley náà, nínú ìwàásù rẹ̀ lórí bí a ṣe ń lo owó, gba wá níyànjú láti ṣiṣẹ́ gba gbogbo èyí tí a bá lè gbà, ṣùgbọ́n ó fi òté lé e: a kò gbọ́dọ̀ fi ara tiwa tàbí ara ọmọnìkejì wa wá owó.

Nítorí náà, ìdáhùn tí àwa rí nìyí. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó jogún ohun kan jogún àwọn tí ohun náà ń ṣe lóore pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n a kò jogún àìmọ̀ olóògbé. Ìfẹ́ rẹ̀ ni a jogún, kí a sì fi ìmọ̀ tiwa ṣe é. Ọmọ tó bá ń ṣe gbogbo nǹkan bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe é nígbà tí ayé ti yí padà, ìrísí bàbá ló ń tọ́jú, kì í ṣe ìwà rẹ̀.

A tún fi ìmọ̀ràn mẹ́rin kún un fún ẹnikẹ́ni nínú yín tí irú ogún bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́:

1. Kí ẹ tó náwó lé ohun olóògbé, ẹ wo àwọn tó wà láàyè. Bí opó kò bá ní òògùn, ọkọ̀ lè dúró.

2. Ẹ fi ààbò ṣáájú ẹwà. Ohun tí àlejò kò rí ni ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

3. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nílé wa, ìwé kan wà tí a ń kọ ìrìn àjò, owó tó wọlé, epo àti àtúnṣe sí. Ìdí méjèèjì ló ní ẹni tó ń kà á, obìnrin sì ni àwọn méjèèjì.

4. Ẹ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ jẹ́ kó lọ. Láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ọkọ̀ wa kì í jáde mọ́ àfi bí ẹrù bá kún un. A ti fi ọwọ́ sí i pé ọjọ́ tí kò bá lè pa owó bíréèkì ara rẹ̀ mọ́, a ó tà á, a ó sì pín owó náà ní ìdí-igi, láìsí ìjà.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

(a) Ohun wo ló wà nílé yín tí olóògbé fi sílẹ̀, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore lọ́wọ́lọ́wọ́? Kí ló fà á?

(b) Ǹjẹ́ ẹ ti rí ibi tí a gbọ́dọ̀ ti kọ ohun tí ènìyàn bẹ̀ wá fún, nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀?

(d) Bí wọ́n bá sọ fún yín pé, "Ìyá yín kì í ṣe bẹ́ẹ̀," kí ni ẹ ó fi dáhùn?

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú ohun tí a bá nílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwa náà fi ohun tó sàn sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àmín.